Ajégúnlẹ̀: Ṣé ó ṣì ṣeé gbé? Ẹ jẹ́ ká fi owó ilé, owó-orí àti owó iṣẹ́ wọ̀n ọ́n

Bí ọdún bá ti ń yí, ìbéèrè kan wà tí àwọn olùgbọ́ wa ní Ajégúnlẹ̀, Amùkòkò àti Àpápá máa ń bi wá lórí fóònù ju ti òṣèlú lọ, kódà ju ti bọ́ọ̀lù lọ. Ẹ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kì í ṣe kékeré ládùúgbò tí Samson Siasia àti Odion Ighalo ti jáde. Ìbéèrè náà ni pé: "Ẹ̀yin oníròyìn, ṣé kí n san owó ilé ọdún tuntun yìí ni, àbí kí n kó ẹrù mi lọ sí ìpínlẹ̀ Ògùn?"

Ẹni tó bá ṣi ìpinnu yìí ṣe lè fi odindi ọdún kan jìyà rẹ̀. Ọmọ lè kúrò níléèwé láàárín sáà, ìyàwó lè pàdánù ìsọ̀ tó ti ń tà á bọ̀ láti ọdún mẹ́wàá, owó tí wọ́n dá lọ́dọ̀ alájọ lè bá ajẹ́ńtì lọ. Nítorí náà ni a ṣe ní ká jókòó ti ìṣirò náà lẹ́ẹ̀kan, ká kúrò nídìí "Èkó le o, Èkó dùn o."

Ní ọdún 2022, iléeṣẹ́ ìwádìí kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Economist Intelligence Unit, to ìlú ńláńlá 172 káàkiri àgbáyé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rọrùn-ún gbé sí. Èkó ṣe ipò 171. Damascus, ìlú tí ogun ti bà jẹ́ ní Síríà, nìkan ló wà lẹ́yìn wa. Ariwo ta nígbà náà, tiwa náà sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò fiyè sí ni àwọn nǹkan tí wọ́n wò: ààbò, ìlera, àṣà àti àyíká, ẹ̀kọ́, pẹ̀lú ọ̀nà àti omi àti iná. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni pé èló lò ń san fún ilé. Wọn ò bi í pé èló ló ń wọlé fún un. Iléeṣẹ́ tó fẹ́ rán òyìnbó wá ṣiṣẹ́ ní Èkó, tó fẹ́ mọ iye owó tí yóò fi kún owó oṣù rẹ̀, ni irú òǹkà bẹ́ẹ̀ wúlò fún. Kò wúlò fún ẹni tó ń gbé yàrá kan ní òpópónà Cardoso.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká wo ilé tiwa.

Boundary kan, ayé méjì

Ẹ dúró ní Boundary. Ẹ̀yìn yín Àpápá, iwájú yín Ajégúnlẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Àpápá ló ni apá kan, Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn ló ni apá kejì. Nígbà ètò ìkànìyàn ọdún 2006, àjọ ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ ní èèyàn 684,105 ló wà ní Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, lórí ilẹ̀ tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà méjìlá níbùú lóròó. Ní Àpápá, èèyàn 217,362 ni wọ́n kà, ilẹ̀ tiwọn sì ju ìlọ́po méjì tiwa lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kò gba òǹkà náà gbọ́. Tiwọn ju ìyẹn lọ dáadáa fún ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì. Èyí ó wù kí ẹ gbà, ìtumọ̀ kan náà ló ní: a pọ̀ lórí ilẹ̀ tó kéré, èrò tó pọ̀ lórí ilẹ̀ kékeré ló sì ń gbé owó yàrá sókè, kì í ṣe ẹwà yàrá náà.

Kí ló kó wa jọ síbẹ̀? Wọ́ọ̀fù ni. Láti àwọn ọdún 1920 ni wọ́n ti ń kọ́ èbúté Àpápá, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nílò ibi tí yóò sùn sí, ibi tó lè fi ẹsẹ̀ rìn dé. Bí Ijaw, Urhobo, Ìgbò, Hausa, Ìlàjẹ àti àwa Yorùbá ìlú òkè ṣe bá ara wọn nínú ọgbà kan nìyẹn. Orúkọ àdúgbò náà kò ṣẹ̀yìn ohun tí àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó ń retí: ajé á gúnlẹ̀ síbí.

Ajé gúnlẹ̀ lóòótọ́ o, àmọ́ ibòmíràn ló ń gbà lọ. Ní ọdún 2024, àjọ aṣọ́bodè ilẹ̀ wa, Kọ́sítọ́ọ̀mù, pa owó tó lé ní ₦6 tírílíọ̀nù wọlé, èbúté Èkó sì ni ọ̀pọ̀ ẹrù tó ń wọ orílẹ̀-èdè yìí ń gbà wọlé. Àpò ìjọba àpapọ̀ ni owó náà ń lọ. Ohun tó kù fún àwa tí à ń gbé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni èéfín tírélà. Àpápá tí wọ́n kọ́ fún àwọn ọ̀gá, ilé alágbàlá tó ní igi lẹ́nu géètì, tírélà lé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sá, kó tó di pé wọ́n gbé ètò pípe tírélà lórí fóònù kalẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2021. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ rò pé ibi tí ilé ti wọ́n ni ibi tí ayé ti dẹ̀.

Ta ni tálákà?

Kó tó di pé a dé ibi owó ilé, ẹ gbọ́ èyí. Nígbà tí àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè, NBS, gbé ìwádìí ipò òṣì jáde ní ọdún 2020, wọ́n ní nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ní ìpínlẹ̀ Èkó, mẹ́rin ààbọ̀ péré ni tálákà. Nígbà tó di 2022, àjọ kan náà gbé òmíràn jáde, wọ́n ní tálákà inú ọgọ́rùn-ún ní Èkó tó bíi 29. Ṣé a ṣubú tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún méjì ni? Rárá. Ìwọ̀n tí wọ́n lò ló yàtọ̀. Ti àkọ́kọ́, owó nìkan ni wọ́n wò: ẹni tó bá ń ná ju ₦137,430 lọ lọ́dún kì í ṣe tálákà. Ẹ pín in sí ọjọ́ 365, ó jẹ́ nǹkan bíi ₦376 lóòjọ́. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n wọlé lọ wo omi, ilé ìyàgbẹ́, ohun ìdáná, iléèwé ọmọ, iṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé oníyàrá ojú-kojú tí gbogbo wa mọ̀ sí face-me-I-face-you, tí yàrá mẹ́rìnlá ń to sí ilé ìwẹ̀ kan ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ti mọ èyí tó jọ òtítọ́ nínú méjèèjì. Owó wà lápò díẹ̀, àmọ́ ohun tí owó yẹn ń rà ni kò tó nǹkan.

Owó-orí: èyí tí wọ́n kọ sínú òfin

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin ìjọba àpapọ̀ là kalẹ̀ láti oṣù Keje ọdún 2024 ni ₦70,000. Gómìnà Sanwo-Olu kéde ₦85,000 fún òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń gba ₦85,000 yìí. Lọ́dún, ₦1,020,000 ni.

Lábẹ́ òfin owó-orí àtijọ́, bí a bá yọ àwọn ìyọ̀ǹda tó wà níbẹ̀ nígbà náà, owó-orí rẹ̀ á tó ₦56,400 lọ́dún, ìyẹn ₦4,700 lóṣù. Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, ọdún 2025, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 2026, ní kí ẹnikẹ́ni má san kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. Lórí ₦220,000 tó ṣẹ́kù, náírà 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọn yóò mú. Ìyẹn ₦33,000 lọ́dún, ₦2,750 lóṣù. (Mo fi owó ìfẹ̀yìntì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìṣirò náà má bàa dàrú, tí ẹ bá yọ ọ́, owó-orí náà tún kéré sí i.) Ẹni tí owó rẹ̀ kò ju ₦70,000 lọ kò san nǹkan kan rárá.

Èyí tó kàn wá jù nínú òfin náà, tí mo sì rí i pé wọn kì í pariwo rẹ̀ tó, ni ti owó ilé. Òfin ní kí ayálégbé yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé tó san lọ́dún kúrò nínú owó tí wọn yóò gba owó-orí lórí rẹ̀, bí kò bá ti ju ₦500,000 lọ. Ká ní ₦300,000 ni òṣìṣẹ́ wa yìí ń san fún ilé. Ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦60,000. Owó-orí rẹ̀ á wálẹ̀ láti ₦33,000 sí ₦24,000. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà padà sápò rẹ̀. Kì í ṣe owó ńlá, ṣùgbọ́n ó lè ra ìrẹsì.

Ṣùgbọ́n o. Òfin ní kí ẹni náà sọ iye tó san gan-an, kó sì sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Bí wọ́n bá ní kó mú ẹ̀rí wá, ìwé wo ni yóò mú jáde? Mélòó nínú yín ni láńlọ́ọ̀dù já rìsíìtì fún ní èṣí? Èmi tí mò ń kọ èyí, ayálégbé ni mí. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà nílé tí mò ń gbé, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo gba ìwé. Lọ́dún tó kù, "mo ti rí alert, ẹ ṣé o" ni gbogbo rìsíìtì mi. Ìtìjú ibẹ̀ ni pé mo ti ka òfin náà lórí afẹ́fẹ́ rí, níwájú yín, pé dandan ni rìsíìtì. Mi ò bi onílé mi.

Owó-orí: èyí tí wọn ò pè lówó-orí

Ọ̀pọ̀ wa ní Ajégúnlẹ̀ kì í gba owó oṣù. A ń tà, a ń rán, a ń gún irin, a ń wa kórópe, a ń ṣe irun. LIRS lè má mọ ilé wa rárá, òfin tuntun yẹn lè má kàn wá. Àmọ́ ṣé a kì í san owó-orí ni? Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ jẹ́ ká mú awakọ̀ danfo. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ìjọba Èkó kéde pé ₦800 ni kí awakọ̀ èrò máa san lóòjọ́, pé tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo náà ni yóò kó gbogbo owó ìjọba ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹgbẹ́ awakọ̀ pọ̀. Bí awakọ̀ bá jáde ní ọjọ́ 26 lóṣù, ₦20,800 ni. Lọ́dún, ₦249,600. Ẹ gbé e ka orí ₦33,000 tí òṣìṣẹ́ ìjọba wa san lẹ́ẹ̀kan. Ó ju ìlọ́po méje lọ! Awakọ̀ yẹn kò sì ní ₦800,000 àkọ́kọ́ tí wọn kì í fọwọ́ kàn. Ibi náírà àkọ́kọ́ tó wọlé láàárọ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ó rántí pé ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 2022 kan náà, àwọn awakọ̀ gbé ọkọ̀ wọn sílẹ̀, wọ́n ní owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn lójú ọ̀nà ti pọ̀ jù, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ò sì dá àgbèrò dúró.

Ta ló ń san owó náà gan-an? Kì í ṣe awakọ̀. Èmi àti ẹ̀yin tá a wọkọ̀ ni. Ó ti wà nínú owó ọkọ̀ láti Boundary sí Míìlì Kejì.

Ti ìyá tó ń ta ata ní ọjà náà ń bẹ. Ká ní ₦200 lóòjọ́ ni gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ti ilẹ̀, ti ìmọ́tótó, ti ọjà. Lọ́dún, ó lé ní ₦62,000. Ẹ fi iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ tiyín rọ́pò rẹ̀, kí ẹ tún un ṣírò. Mi ò sọ pé káńsù ò gbọdọ̀ gbowó. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún wọn láṣẹ owó ọjà, owó gáréèjì, owó kẹ̀kẹ́ àti ọmọlanke, àní títí kan owó láíséǹsì rédíò àti tẹlifíṣọ̀n (ẹ má bínú, kì í ṣe àwa la kọ ọ́ síbẹ̀). Òfin ọdún 1998 tó to owó tí ìpele ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà tún wà, ó sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí ọ̀nà nítorí àtigba owó-orí tàbí owó kankan. Ẹ jáde sí ojú ọ̀nà Ọ̀jọ́ lówùúrọ̀ ọ̀la kí ẹ wò ó bóyá òfin náà ń ṣiṣẹ́.

Ìṣòro tó wà nínú owó kékeré ojoojúmọ́ ni pé kì í wo ojú ẹni. Ẹni tó pa ₦3,000 lónìí àti ẹni tó pa ₦30,000, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni. Ọjọ́ tí òjò rọ̀ tí ọjà ò tà, tíkẹ́ẹ̀tì ò mọ̀. Òṣìṣẹ́ olówó oṣù ní òfin tó ń dín owó-orí rẹ̀ kù bí owó rẹ̀ bá ṣe kéré tó. Ọlọ́jà kò ní.

Owó ilé

Ibí lọ̀rọ̀ wà. Owó-orí ń gé díẹ̀díẹ̀; owó ilé ń dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni tó ń já ilẹ̀kùn.

Ẹ padà sí òṣìṣẹ́ ₦85,000 wa àti yàrá ₦300,000 tá a fi ṣàpẹẹrẹ. Owó oṣù mẹ́ta ààbọ̀ ni, láìjẹun, láìwọkọ̀. Tó bá jẹ́ ilé tuntun ló fẹ́ wọ̀, ajẹ́ńtì á ní kó mú ìdá kan nínú mẹ́wàá wá, ágíríméǹtì á tún gba ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ó di ₦360,000, ó ti lé ní owó oṣù mẹ́rin. Ta ló ní owó oṣù mẹ́rin nílẹ̀? Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń dájọ, tí wọ́n ń yá owó ẹlẹ́yàáwó orí fóònù, tí èlé rẹ̀ sì di owó ilé kejì. Ẹni tó ń rí owó lójoojúmọ́ ni wọ́n ní kó san owó ọdún kan papọ̀. Nílùú òyìnbó tí wọ́n ti ń san owó ilé lóṣooṣù, owó ilé lè ju tiwa lọ ní ìlọ́po ogún, àmọ́ ó ń bá owó oṣù rìn.

Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin lórí rẹ̀. Ní ọdún 2011, nígbà ìṣèjọba Fáṣọlá, wọ́n ṣe òfin onílé àti ayálégbé. Ó ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá gbélé kò gbọdọ̀ san ju owó ọdún kan lọ. Ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó bá jẹ́ olóṣooṣù, wọn ò gbọdọ̀ gbà ju ti oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọlọ́dọọdún, ti ọdún kan. Ẹni tó bá gbà á àti ẹni tó bá san án ló jọ jẹ̀bi: ₦100,000 owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Òfin kan náà ní tí owó ilé bá fò sókè lọ́nà tí kò mọ́gbọ́n dání, ayálégbé lè lọ sílé ẹjọ́, kí adájọ́ wo iye tí àwọn ilé tó jọ ọ́ ń lọ ládùúgbò náà. Olóṣooṣù, kí wọ́n fún un ní ìwé oṣù kan kó tó jáde. Ọlọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Òfin náà kò kan gbogbo Èkó. Wọ́n yọ Ìkòyí, Victoria Island, GRA Ìkẹjà, àti Àpápá sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan Boundary wà lábẹ́ òfin, ẹ̀gbẹ́ kejì kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: lórí ìwé, ayálégbé tó wà ní Ajégúnlẹ̀ ní ààbò tí ẹni tó gba fúláàtì ní Àpápá kò ní.

Kí ló dé tí a kì í rí i bẹ́ẹ̀? Nítorí olówó Àpápá ní lọ́yà tó ń ka ágíríméǹtì kó tó buwọ́ lù ú. Èyí tó wà fún wa, ó di ìgbà tí ẹnìkan bá tó fẹjọ́ sùn kó tó ṣiṣẹ́, ta ló sì fẹ́ pe onílé tó ń gbé yàrá iwájú, tó bá a sọmọ lórúkọ, lẹ́jọ́? Ẹni tó bá fi ẹjọ́ borí lónìí, ọ̀la ló máa bá wọn to sí kànga.

N kò fẹ́ ká na onílé nìkan. Ọ̀pọ̀ onílé ní Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe olówó. Ìyá àgbà tí ọkọ rẹ̀ fi ilé oníyàrá mẹ́wàá sílẹ̀ fún, owó yàrá wọ̀nyẹn ni owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, owó oògùn rẹ̀ àti owó tí àwọn ọmọ ń bá a pín. Ìjọba ń gba owó-orí ilé lọ́wọ́ òun náà. Ní 2018, wọ́n gbé owó náà sókè débi pé gbogbo Èkó figbe ta. Òfin ọdún 2020 ló dá a padà sí iye tó wà kó tó di 2018. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, sìmẹ́ńtì, páànù, àti owó ẹni tí yóò kán an, ló ti fò. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, NBS ní oúnjẹ ti fi náírà 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Onílé náà ń jẹun. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọwọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni gbogbo ẹrù náà ń sọ̀ sí, òun kò sì rí ẹlòmíràn tí yóò sọ ọ́ lé lórí.

Ṣé kí n kó lọ?

Ní báyìí, ìdáhùn sí ìbéèrè orí fóònù. Ilé ní Ìjòkó, Ìbàfò tàbí Agbádó lè dín ní ìdajì sí ti Ajégúnlẹ̀. Ká ní ẹ rí yàrá ₦150,000 níbẹ̀, ẹ jèrè ₦150,000 lọ́dún. Àmọ́ tí iṣẹ́ yín bá ṣì wà ní wọ́ọ̀fù, tí owó ọkọ̀ yín sì fi ₦2,000 péré lé lóòjọ́, ní ọjọ́ 26, ₦52,000 lóṣù ni. Lọ́dún, ₦624,000. Ẹ ti fi owó tó ju owó yàrá méjèèjì pọ̀ lọ wọ ọkọ̀. Mi ò tíì ka wákàtí mẹ́rin tí ẹ ó máa lò lójú ọ̀nà o, tàbí ọmọ tí yóò sùn kí ẹ tó wọlé.

Ìdí nìyẹn tí Ajégúnlẹ̀ kò fi ṣófo. Kì í ṣe pé a ò mọ ibi tó dáa. Ohun tí à ń san owó ilé fún kì í ṣe yàrá, ẹsẹ̀ wa tó lè gbé wa dé ibi iṣẹ́ ni. Ọlọ́kadà gan-an mọ̀ ọ́n: nígbà tí ìjọba fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹfà, ọdún 2022, Àpápá wà nínú rẹ̀, Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn kò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sí ní apá ibí mọ́, tó ń ti Ajégúnlẹ̀ lọ sí Ìkẹjà tàbí Lẹ́kí lójoojúmọ́, tó ń san owó ilé, tó tún ń san owó ọkọ̀ jíjìn, èmi ò rí ohun tó ń dá a dúró àfi ìfẹ́ àdúgbò. Ìfẹ́ àdúgbò dáa, mo ní i, àmọ́ kí ẹ mọ iye tó ń ná yín. Bákan náà ni ẹni tó ń ránṣọ tàbí tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà nílé: kò nílò wọ́ọ̀fù, iná ló nílò.

Àwọn owó mìíràn ń bẹ tí ilé olówó pọ́ọ́kú ń fi pamọ́. Omi jẹ́ ọ̀kan. Bí ẹ bá ń fi ₦500 ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà lóòjọ́, ₦182,500 ni lọ́dún, ó ju ìdajì owó yàrá wa lọ. Ilé tó fi ₦100,000 wọ́n jù ú lọ, tó sì ní bohóòlù tó mọ́, ni ilé olówó pọ́ọ́kú gan-an. Ẹ máa béèrè omi kí ẹ tó béèrè iye. Ẹ tún béèrè ibi tí omi òjò ń gbà lọ: ẹni tí omi kánáálì bá wọlé bá ní oṣù Keje, bẹ́ẹ̀dì àti fìríìjì tó bàjẹ́ wà lára owó ilé rẹ̀.

Kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2006, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ àtúnṣe ní Èkó, tó kan àdúgbò mẹ́sàn-án tí wọ́n pè ní ibi tó nílò àtúnṣe jù. Ajégúnlẹ̀ wà nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, Amùkòkò náà wà nínú rẹ̀, Badíà pẹ̀lú. Iṣẹ́ náà parí ní 2013. Ọdún 2013 yẹn kan náà, oṣù Kejì, ni katapílà wó ilé ọ̀pọ̀ èèyàn ní Badia East. Owó tí ìpínlẹ̀ Èkó pa wọlé fúnra rẹ̀ ní 2023 lé ní ₦815 bílíọ̀nù, kò sí ìpínlẹ̀ mìíràn tó sún mọ́ ọn. Ìbéèrè tí mo ní fún àwọn alága káńsù tí a dìbò yàn ní ọjọ́ 12, oṣù Keje, ọdún 2025 ni pé: nínú tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń já lójoojúmọ́ lọ́jà Boundary, èló ló padà sí gọ́tà ọjà Boundary? A ó bi wọ́n lórí afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá wá, ẹ ó gbọ́; bí wọn ò bá wá, ẹ ó gbọ́ ìyẹn náà.

Ní ti ẹni tí owó ilé rẹ̀ ń bọ̀ lóṣù yìí, rìsíìtì ni kó kọ́kọ́ gbà. Òfin 2011 sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n gbowó, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye tí wọ́n san, àti àkókò tí owó náà wà fún. Onílé tó bá kọ̀ láti kọ ọ́, ₦10,000 ni ìtanràn rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ẹ má tíì sáré lọ gba lọ́yà. Iléeṣẹ́ ìlàjà ìjọba Èkó, Citizens Mediation Centre, kì í gba kọ́bọ̀, wọ́n á pe ẹ̀yin méjèèjì jókòó. Èmi ti kọ tèmi sínú ìwé kékeré kan, mo fẹ́ gbé e lọ bá onílé mi lọ́jọ́ Sátidé kó buwọ́ lù ú.